Tíkẹ́ẹ̀tì Ẹyọ Kan

Ojú bàbá mi ni ó sọ wá di èrò ọkọ̀ ojú irin. Kí àìsàn náà tó dé, kò sí ohun tí à ń wá lọ sí Èkó. Ọ̀nà Òṣíẹ̀lẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ gírámà tí mo ti ń ṣe tíṣà wà. Abẹ́òkúta náà ni bàbá mi ti fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyá mi ti di olóògbé, èmi nìkan sì ni ọmọ tí wọ́n bí. Nígbà tí ìgbéyàwó mi forí ṣánpọ́n, mo kó ẹrù mi àti ọmọ mi obìnrin padà sínú ilé wọn. Wọn kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Wọ́n kàn kó àwọn ìwé wọn kúrò nínú yàrá tó gba afẹ́fẹ́ jù nínú ilé náà, wọ́n ní kí n máa sùn níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá wọn nídìí tábìlì níbi tí wọ́n ti ń da omi sínú ife. Ẹ̀gbẹ́ ife ni omi náà ń dà sí. Ó ń ṣàn lórí tábìlì, ó ń kán sílẹ̀, wọn ò mọ̀.

Mo ní, "Bàbá, omi yín ń dànù o."

Wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n fi ọwọ́ kejì wá ife náà kàn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. "Oorun ṣì wà lójú mi ni."

Oorun kọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nígbà tí à ń jáde lọ síwájú pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi orúnkún gbá àga ńlá kan bí ẹni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e síbẹ̀ ni. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé ni àga yẹn ti wà níbẹ̀.

Dókítà tó kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò nínú ìlú ṣàlàyé fún wa pé ìfúnpá inú ojú wọn ti ga jù, pé ó ti ń ba iṣan tí wọ́n fi ń ríran jẹ́, láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín. Ó ní èyí tó ti lọ kò lè padà mọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n sì ń lọ fún àyẹ̀wò déédéé, èyí tó kù lè bá wọn kalẹ́. Ó ní kí a lọ sí ilé ìwòsàn ojú kan ní Èkó, níbi tí ẹ̀rọ tí wọn yóò fi ṣe é wà.

Títì ni a gbà lọ, títì náà ni a sì gbà bọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Mi ò lè gbàgbé ìpadàbọ̀ yẹn. Bí bọ́ọ̀sì ṣe ń jáde nínú kòtò kan ló ń já sí òmíràn. Nígbà tí a dé Ewékorò, àwọn tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì tò lọ lójú títì bí ìjàlọ, eruku funfun bo ewé igi ní ọ̀tún àti ní òsì. Mo fi gèlè mi bo ojú bàbá mi. Wọ́n bì, wọ́n tún bì, gbogbo ara wọn ń gbọ̀n, àwọn èrò tó jókòó níwájú wa sì ń ṣe háà. Nígbà tí a padà lọ fún àyẹ̀wò àkọ́kọ́, ojú náà pọ́n bí ata.

Dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà, obìnrin kan tí kì í gbé ohùn sókè, wo ojú náà fún ìgbà pípẹ́. Ó wá kọjú sí mi. "Ẹ̀yin lẹ mú wọn gba ojú títì bọ̀? Ara tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò fẹ́ kí wọ́n máa gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Kò fẹ́ eruku. Ẹ máa wọ ọkọ̀ ojú irin, ẹ jọ̀ọ́."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ibùdókọ̀ ojú irin tuntun náà jìnnà sí ìlú, lẹ́yìn Láderin lọ́hùn-ún, owó kẹ̀kẹ́ Márúwá tí yóò gbé ènìyàn débẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n nígbà àkọ́kọ́ tí èmi àti bàbá mi jọ wọ̀ ọ́, a kò ronú nípa owó rárá. Òtútù inú kóòṣì náà pọ̀ débi pé wọ́n wọ súwẹ́tà tí wọ́n fi ń lọ sí ìsìn àárọ̀ nígbà ọyẹ́. Ìdí fèrèsé ni wọ́n jókòó sí. Ọkọ̀ náà ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń fà á lórí òróró, wọ́n sì ń tọ́ka sí gbogbo ohun tí à ń kọjá: oko ẹ̀gẹ́, ilẹ̀ pupa, àwọn ọmọ tó ń juwọ́ sí wa. Wọ́n fọwọ́ lù mí nítan. "Ó mà ṣe o, ìyá rẹ ò wọ irú èyí rí." Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka.

Lẹ́yìn náà ni owó ọkọ̀ gbé pẹ́ẹ́lí. Kì í ṣe ti ọkọ̀ ojú irin nìkan. Epo bẹntiróòlù wọ́n, kẹ̀kẹ́ wọ́n, oògùn tí bàbá mi ń kán sójú wọ́n débi pé ẹni tó ń tà á fúnra rẹ̀ máa ń kí mi kú ìnáwó kó tó dárúkọ iye rẹ̀. Owó oṣù mi wà bó ṣe wà. Owó ìfẹ̀yìntì bàbá mi ń falẹ̀ bí ìgbín, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ dé. Ènìyàn méjì ni yóò lọ, ènìyàn méjì ni yóò bọ̀, a kò sì lè pa àyẹ̀wò jẹ.

Mo wá di ẹni tó ń fi gbogbo ọgbọ́n orí wá tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú. Kóòṣì tí owó rẹ̀ kéré jù máa ń tètè kún, nítorí náà mo máa ń jí ní kùtùkùtù lọ tò ní ibùdókọ̀ náà kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo dẹ́kun rírà á lórí fóònù nítorí owó tí wọ́n ń fi lé e. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n ń pe ènìyàn sẹ́yìn pé àwọn ní èyí tó dín díẹ̀. Èmi náà dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ tó ti kọjá ló wà lára tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún mi, kí n sì tó yí ojú padà, wọn ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ kan, mo tẹrí bọ ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Bàbá mi dúró tì mí. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò ní iye kan tí àwọn arúgbó ń san?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo bàbá mi, ojú àánú ló fi wò wọ́n. "Àǹtí, ọmọdé nìkan ló ní iye tirẹ̀. Kò sí ti àgbà."

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé kí n wọ ṣòkòtò péńpé padà wá ni?" Gbogbo ẹni tó tò sẹ́yìn wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Bí a ti ń lọ jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi nípa ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ tó máa ń gba Láfẹ́nwá kọjá. Ó máa ń pẹ́ lọ́nà, wọ́n ní, èéfín a sì máa ba aṣọ jẹ́, ṣùgbọ́n àti olówó àti tálákà ló ń wọ̀ ọ́. Ènìyàn á gbé adìyẹ wọ̀ ọ́, á gbé iṣu wọ̀ ọ́, kò sí ẹni tí owó ọkọ̀ ń lé padà sílé.

Nígbà tó yá, owó tó wà lọ́wọ́ mi kò ju èyí tí yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹnìkan lọ. Mo sọ fún wọn lórí oúnjẹ alẹ́. Mi ò tíì sọ ọ́ tán tí wọ́n fi ní, "Kí ìwọ wọ ọkọ̀ títì tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, kí èmi wọ ti ojú irin. Èkó náà ni a jọ ń lọ."

Mo ní, "Bàbá, ta ni yóò máa mú yín lọ́wọ́?"

"Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí ni? Ìwọ ló máa fi mí jókòó. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ lọ́hùn-ún, mo máa jókòó dè ọ́."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. N ó mú wọn dé inú ọgbà ibùdókọ̀ náà, n ó fi wọ́n lé òṣìṣẹ́ kan lọ́wọ́ pé kó bá mi fi wọ́n jókòó, kó sì bá mi rán àwọn tó wà nínú ọkọ̀ létí pé kí wọ́n bá mi sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Àga irin kan wà nínú gbọ̀ngàn tí èrò ń sọ̀ sí ní Èkó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan. Ibẹ̀ ni a fi ṣe àdéhùn. "Bàbá, ẹ má kúrò lórí àga yẹn o, ẹnikẹ́ni ìbáà pè yín." Wọ́n á ní, "Mo gbọ́, tíṣà." Èmi á wá sáré lọ wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo bá fi máa dé, eruku á ti bo irun mi, wọ́n á ti jókòó sórí àga náà, wọ́n á fọwọ́ lé ọ̀pá wọn.

Wọ́n máa ń ròyìn fún mi. Bí a bá ti forí lé ilé ìwòsàn báyìí ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀: obìnrin kan ń sá láfún sórí àpáta lẹ́bàá irin, ó wọ bùbá àwọ̀ ewé, àwọn màlúù kan dúró sínú omi, wọ́n ń kọ́ ilé alájà kan síbi tó jẹ́ pé igbó ni lọ́jọ́sí. Inú mi máa ń dùn láti gbọ́ ọ. Mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé iṣẹ́ abẹ náà jẹ́, pé tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan yẹn ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ kan wá dé tí tírélà tó kó àpò sìmẹ́ńtì ṣubú dábùú títì nítòsí Wásinmi. Ọkọ̀ kankan kò lè lọ síwájú, kò sì sí èyí tó lè padà sẹ́yìn. A sọ̀ kalẹ̀, a dúró sínú oòrùn. Mo pe bàbá mi lórí fóònù. Ariwo èrò pọ̀ lẹ́yìn wọn.

"Mo ti sọ̀ kalẹ̀," wọ́n ní. "Mo wà níbi tí o ní kí n jókòó sí. Má sáré o."

"Bàbá, ọ̀nà dí. Ó lè pẹ́ díẹ̀."

"Kí lo fẹ́ ṣe sí i? Ṣe jẹ́jẹ́."

Mo tún pè lẹ́yìn ìgbà náà, wọn ò gbé e. Mo wá ọlọ́kadà títí, èyí tí mo rí gbé mi gba ọ̀nà oko kọjá síwájú ibi tí ọ̀nà ti dí, mo tún wọ ọkọ̀ mìíràn, mo tún sọ̀, mo tún wọ òmíràn. Oòrùn ti ń rọlẹ̀ kí n tó wọ gbọ̀ngàn náà. Èrò ti dínkù níbẹ̀. Mo rí bàbá mi lórí àga irin náà, wọ́n jókòó gbọnrangandan, bí wọ́n ṣe máa ń jókòó níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Aṣọ ìró kan wà lórí itan wọn. Obìnrin kan tó ń gbá ilẹ̀ ibẹ̀ dúró tì wọ́n.

Obìnrin náà pàdé mi lọ́nà kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin lọmọ bàbá? Ẹ má bínú o. Mo bẹ̀ wọ́n títí pé kí n mú wọn lọ sí ilé ìtọ̀. Wọ́n ní rárá, pé ọmọ àwọn ní kí àwọn má kúrò lórí àga. Ìró mi ni mo fi bò wọ́n."

Nígbà náà ni mo rí ilẹ̀ abẹ́ àga náà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ lẹ́yìn tí obìnrin náà fi omi nù ún. Bàbá mi gbọ́ ìrìn mi. Wọ́n gbé ojú sókè, kì í ṣe ibi tí mo wà gan-an ni wọ́n kọjú sí.

"O ti dé? Ẹ kú ọ̀nà."

"Ẹ kú ọ̀nà," ni wọ́n sọ fún mi, bí ẹni ń kí àlejò. Bàbá mi kò fi ẹ̀yin pè mí rí láyé. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo di orúnkún wọn mú. Wọ́n fọwọ́ lé orí mi, eruku sìmẹ́ńtì tó wà nínú irun mi lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ń fi ìka méjì ra á wò.

Mo ra ṣòkòtò òkìríkà kan fún wọn níta. Obìnrin náà bá wa wá ibi tí wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ, ó sì kọ̀ láti gba ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Ilé ìwòsàn ti palẹ̀ mọ́ fún ọjọ́ náà nígbà yẹn. Owó oògùn ni mo fi ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, kí a lè jọ padà sílé. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, bàbá mi dúró.

"Mi ò lọ mọ́."

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní kí àlùfáà ìjọ wa bá mi bẹ̀ wọ́n. Ọmọ mi sunkún níwájú wọn. Wọ́n ń kán oògùn tó kù, nígbà tí ó sì tán, wọn ò sọ fún mi. Inú àpótí wọn ni mo ti rí ìgò òfìfo náà. Wọ́n ní, "Owó yẹn, fi kọ́ ọmọ rẹ níwèé. Ojú tirẹ̀ ló ṣì ń bọ̀ wá wo ayé."

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwa tíṣà ló yá mi lówó ní ìgbẹ̀yìn. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, àlọ àti àbọ̀, mo gbé wọn síwájú bàbá mi, mo ní mo ti rà á, pé wọn kì í gbà á padà. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn wá súwẹ́tà.

Nínú yàrá àyẹ̀wò, dókítà obìnrin náà na ìka sókè níwájú wọn. "Bàbá, ìka mélòó nìyí?" Wọ́n na ọrùn síwájú. Ó sún mọ́ wọn. "Báyìí ńkọ́?" Wọ́n ní, "Ẹ na ìka sókè ni?" Ó tan iná sí ojú ọ̀tún, wọn ò mọ̀ ọ́n. Ó tan án sí òsì, wọ́n ní àwọn rí i pé ilẹ̀ mọ́. Dókítà náà pa iná ọwọ́ rẹ̀, ó bi mí láti ìgbà wo ni nǹkan ti rí báyìí. Mo ní mi ò mọ̀. Ó tún gbé ẹ̀rọ mìíràn wá, ó yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, ó wá sọ fún wa pé kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan tí a kò fi wá. Ó ti pẹ́ tí wọn kò ti rí nǹkan kan kedere mọ́, kódà nígbà tí wọ́n ṣì ń wá déédéé. Ó ní lẹ́tà tí wọ́n máa ń kà lára ògiri fún òun, orí ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tí a wọ̀ padà, mo jókòó tì wọ́n. 

"Bàbá, obìnrin tó ń sá láfún ńkọ́? Màlúù inú omi ńkọ́? Ta ló rí wọn?"

Wọ́n rọra yí ojú sí mi. "Ẹni tó bá jókòó tì mí ni mo máa ń bi. Àwọn ènìyàn dára, ọmọ mi. Wọ́n á máa sọ ọ́ fún mi títí a ó fi dé."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ohùn wọn kò gbọ̀n nígbà tí wọ́n dáhùn. "Ìwọ ló ń jẹ eruku lójú títì kí n lè jókòó sínú ibi tútù. Ṣé kí n wá sọ fún ọ pé lásán ni?"

Mo kọ ojú sí fèrèsé. Wọ́n mọ̀ pé mò ń sunkún. Wọ́n wá ọwọ́ mi kàn, wọ́n dì í mú, wọn ò sì pa mí lẹ́nu mọ́. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó jókòó kọjú sí wa yọ nǹkan tó fi sí etí, ó wò wá díẹ̀, ó sì wolẹ̀.

A kò lọ sí Èkó mọ́ láti ìgbà náà. Kò sí ohun tí a fẹ́ lọ gbà níbẹ̀. Mo ṣì ń san owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, wọ́n ń yọ ọ́ nínú owó oṣù mi kó tó dé ọwọ́ mi. Bàbá mi ti mọ ilé náà pẹ̀lú ọwọ́ wọn báyìí. Wọ́n lè rìn láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé láìkọ lu nǹkan kan, ọmọ mi sì ti mọ̀ pé kò gbọdọ̀ fi bàtà sílẹ̀ sójú ọ̀nà. Nírọ̀lẹ́, ó máa ń ka iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí wọn létí, wọ́n á máa tún un ṣe. Bí wọ́n bá ń kọ orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn wọn kì í dúró, nítorí kò sí ẹsẹ orin tí wọn ò mọ̀ lórí.

Òwúrọ̀ ni kò rọrùn. Wọ́n máa ń jí kí gbogbo wa tó jí, wọn kì í sì fẹ́ yọ wá lẹ́nu. Mo máa ń gbọ́ tí wọ́n bá dìde jókòó létí ibùsùn. Wọ́n á dúró. Bí wọ́n bá wá gbọ́ tí ilẹ̀kùn mi dún, wọ́n á pè mí jẹ́jẹ́ láti inú yàrá wọn.

"Ọmọ mi, ṣé ilẹ̀ ti mọ́?"

N ó ní, "Ó ti mọ́, Bàbá. Ẹ káàárọ̀, sà."